GBÈSÈ, KÁÀDÌ BÁǸKÌ ÀTI OWÓ ÈLÉ ORÍ FÓÒNÙ

Ẹ̀kọ́ fún gbogbo ìjọ àti fún àwọn àlejò wa
Ẹ ka: 2 Àwọn Ọba 4:1–7 àti Nehemáyà 5:1–13

Bí ẹ bá ṣí àwọn ojú ewé tó ṣáájú, ẹ ó rí àwòrán wa nínú aṣọ funfun, tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun dára púpọ̀, nítorí kì í jẹ́ kí a mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí aṣọ funfun máa ń bò mọ́lẹ̀ láàárín wa, tí a kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Gbèsè ni. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe ní kí á kọ ẹ̀kọ́ yìí.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún 2021, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ́ òru dé, fóònù wa dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Àwòrán arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé olè ni, pé ó ti gbé owó sá lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kí ó tó di ọ̀sán, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà gbà, nítorí pé nọ́ńbà wa wà nínú fóònù rẹ̀. Ká má parọ́, àwọn kan nínú wa tún fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. À ń wí fún ara wa pé, "Ṣé ẹ rí nǹkan?" Kò sí ẹnì kan nínú wa tó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Oṣù méje ni arákùnrin náà kò fi wá sí ilé Ọlọ́run.

Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ ṣe ọkàn gírí, tí wọ́n lọ bá a nílé, àwa náà bá wọn lọ. Ibẹ̀ la ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. ₦20,000 ló kọ́kọ́ yá lórí fóònù. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Owó ìlérí ìkórè ni. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ni a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìlérí, àwa náà ni a sì ka orúkọ rẹ̀ sókè lójú gbogbo ìjọ mọ́ ti àwọn tí kò tíì san. Ojú tì í, ló bá lọ yá owó. Ìyẹn ni pé kí àwọn tó yá a lówó tó dójú tì í, àwa ti kọ́kọ́ dójú tì í.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí, kò gùn: ìtìjú ni oúnjẹ gbèsè. Gbèsè tí a tètè sọ síta, tí a sì jókòó ka iye rẹ̀, ó ṣeé san. Èyí tí a bá fi pamọ́ ni yóò máa bímọ.

ÌWỌ̀FÀ ÀTIJỌ́ ÀTI ÌWỌ̀FÀ ÒDE ÒNÍ

Àwọn baba wa mọ gbèsè dáadáa. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: èlé ni iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, kò dín owó tí wọ́n yá kù rárá. Bí ó tilẹ̀ ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, iye tí wọ́n yá gan-an ni wọn yóò kó kalẹ̀ pé pérépéré. Bí onígbèsè bá sì ń fi falẹ̀, olówó lè rán ẹni tí yóò wá dógò tì í nínú ilé, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa mú adìẹ ilé pa jẹ. Nígbà tó ṣe, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ àwìn kiri dé. Òṣómàáló ni àwọn ènìyàn sọ wọ́n, nítorí pé wọn yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi gba owó wọn.

Ìwọ̀fà kò tíì tán nílẹ̀, ẹ̀yin ará. Ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Ká ní áàpù kan fẹ́ yá yín ní ₦20,000 fún ọjọ́ 14, tí ó sì kọ́kọ́ yọ èlé ₦3,000. ₦17,000 ló wọ ọwọ́ yín. Ọjọ́ pé, owó kò sí, wọ́n ní kí ẹ san ₦3,000 kí wọ́n fi ọjọ́ 14 kún un. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́fà, ẹ ti san ₦18,000. Ó ti ju ohun tí ẹ gbà lọ, síbẹ̀ ₦20,000 ṣì wà lọ́rùn yín. Iṣẹ́ oko olówó lẹ ń ṣe! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Olówó òde òní kò tilẹ̀ ní láti wá lóṣòó. Nígbà tí ẹ fẹ́ yá owó náà, ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun rí orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù yín, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

KÁÀDÌ BÁǸKÌ

Oríṣi méjì ni káàdì tí à ń sọ. Èkínní ni káàdì ATM tí púpọ̀ nínú wa ní. Owó ara wa tó wà ní báǹkì ni à ń fi í ná. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní credit card, tí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa, tí àwọn báǹkì kan sì ń fún ènìyàn níhìn-ín náà. Owó báǹkì ni à ń fi ìyẹn ná. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fà á yọ, owó lẹ yá yẹn. Lópin oṣù, ìwé yóò dé. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, lọ́pọ̀ ìgbà èlé kì í wà lórí ọjà tí ẹ rà. Ṣùgbọ́n ìwé náà yóò tún sọ iye kékeré kan tí báǹkì lè gbà fún oṣù náà. Ẹni tó bá ń san kékeré yìí nìkan lóṣooṣù ti di ìwọ̀fà, nítorí pé èlé ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì fi irú káàdì yìí gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, ọjọ́ náà gan-an ni èlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í gba owó.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Káàdì yòówù tí ẹ ní, ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ má kọ nọ́ńbà àṣírí tí à ń pè ní PIN sára káàdì tàbí sínú pọ́ọ̀sì. Ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ tí ẹ rán níṣẹ́, ẹ má sì sọ ọ́ fún oní-POS. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó.

2. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, àti nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni. Báǹkì kì í pe ènìyàn láti béèrè wọn. Ẹni tó bá pè, tó ní báǹkì ni òun, tó sì ń béèrè wọn, olè ni.

3. Ẹ má fi káàdì dúró fún owó yíyá. Àwọn kan ń gba káàdì àti PIN lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, wọn a sì máa lọ gba owó oṣù onítọ̀hún kí òun tó mọ̀ pé ó wọlé. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ jọ̀wọ́.

4. Ẹ kọ nọ́ńbà báǹkì yín sínú ìwé kan nílé, nítorí pé olè tó jí káàdì lè jí fóònù mọ́ ọn. Bí káàdì bá sọnù, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tì í pa. Ẹ má dúró di ọjọ́ Mọ́ńdè.

BÍ GBÈSÈ BÁ TI WỌLÉ

Nígbà tí a jókòó ti arákùnrin wa, ìwé òfìfo kan la kọ́kọ́ béèrè. A kọ orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ lówó, iye tó yá gan-an, iye èlé, àti ọjọ́ sísan. Áàpù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, nítorí ó ń yá ti èkejì láti fi san ti èkínní. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦87,000. Ó ní òun rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ẹ̀rù kò jẹ́ kí òun kà á rí. Ẹ rí i bí? Kíkà nìkan ti mú ẹrù náà fúyẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó dá owó yíyá dúró pátápátá. A yọ owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ sọ́tọ̀. Nínú èyí tó kù, ó ń san díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo wọn bí ó ti bá wọn ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n ibi tí èlé ti le jù ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ó bẹ àwọn olówó kí wọ́n pín sísan náà sí oṣooṣù, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Inú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ló ń san án sí, kì í ṣe àkáǹtì ẹni tó ń pè é láti gba owó, ó sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Oṣù mọ́kànlá ni ó gbà á. Ó ti padà sínú akọrin.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Àìmọ̀ máa ń fi kún ẹ̀rù. Nítorí náà ẹ mọ èyí. Ní ọdún 2022 ni àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù sílẹ̀, ó sì tún gbé ìlànà tuntun jáde ní 2025. Kí ẹ tó yá owó, ẹ yẹ orúkọ wọn wò lọ́dọ̀ àjọ náà. Òfin sì wà láti 2023 tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni: wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fi orúkọ yín ránṣẹ́ kiri. Bí wọ́n bá ṣe é, ẹ pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà mọ́, kí ẹ fi í sun wọ́n lọ́dọ̀ FCCPC. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 pẹ̀lú sọ pé kí wọ́n má ṣe mú ènìyàn nítorí pé ó kàn ba àdéhùn jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ṣẹ́ẹ̀kì. Bí ẹ bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún olówó nígbà tí owó kò sí ní báǹkì, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ọdún 1977, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Kí ẹ sì má rò pé ẹ lè sá fún gbèsè báǹkì. Nọ́ńbà BVN tí a bẹ̀rẹ̀ ní 2014 so gbogbo àkáǹtì yín pọ̀. Láti 2020, báǹkì tí ẹ jẹ lówó lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tí ẹ ní ní báǹkì mìíràn. Òfin kò sọ pé kí á má san gbèsè. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n má fi ìyà gbà á. Ẹni tó yá egbèje tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.

Ẹ̀yin ará wa láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọ̀dọ̀ yín náà ní ọ̀nà. StepChange, National Debtline àti Citizens Advice ń gba onígbèsè nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù Karùn-ún 2021 ni ètò Breathing Space ti wà ní England àti Wales, tí ó lè fún onígbèsè ní ọjọ́ 60 tí wọn kò ní fi èlé kún púpọ̀ nínú gbèsè rẹ̀, tí àwọn olówó kò sì ní máa yọ ọ́ lẹ́nu lé e. Ẹ má san owó fún ẹni tó ní òun yóò bá yín pa gbèsè rẹ́.

TI ÌJỌ ŃKỌ́?

Ẹ padà sí kíkà wa. Obìnrin opó inú ìwé Àwọn Ọba jẹ gbèsè, olówó sì fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Wòlíì kò ní kí ó lọ yá owó mìíràn. Ohun tó wà nínú ilé rẹ̀ ló béèrè. Nígbà tí òróró sì pọ̀, ó ní kí ó tà á, kí ó kọ́kọ́ san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ èyí tó bá kù. Iṣẹ́ ìyanu náà kò pa gbèsè rẹ́. Ó fún obìnrin náà ní ohun tí yóò fi san án. Nítorí náà, kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ lórí gbèsè mú bírò àti ìwé lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò obìnrin náà. Wọn kò san gbèsè fún un. Ìkòkò òfìfo ni wọ́n yá a. Ohun tí a kò ṣe fún arákùnrin wa nìyẹn fún oṣù méje. Láti ìkórè 2022 ni a kò ti ka orúkọ ẹnikẹ́ni tí kò san ìlérí mọ́, a kò sì ní kà á níbi àjọ̀dún yìí. Aṣọ ẹgbẹ́ kì í ṣe dandan. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ó bá di dandan kí ẹ yá owó, ẹ lọ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí òfin ti mọ̀ nílẹ̀ wa láti 1935, tàbí kí ẹ dúró de èsúsú tiyín. Ẹ béèrè iye èlé kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ìbanilórúkọjẹ́ bá sì wọ fóònù yín, ẹ má fi í ránṣẹ́ síwájú. Ẹ dìde, kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹni náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ KỌ̀Ọ̀KAN

1. Ta ló mọ iye gbèsè yín, yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín?
2. Nínú owó tí ẹ san lóṣù tó kọjá, èló ni èlé, èló ló dín gbèsè kù?
3. Kí ni ẹgbẹ́ yín ń ṣe tó lè mú kí ẹlòmíràn lọ yá owó?

Kí Olúwa kí ó tú gbogbo ìwọ̀fà sílẹ̀ láàárín wa. Kí ọdún yìí kí ó tura. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ, ní orúkọ ìgbìmọ̀