Ìpinnu Ọdún Titun àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Wa

Ibi Kíkà: Òwe 13:4, 2 Tẹsalóníkà 3:6-13

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìlọrin a máa wà ní ìsìn àìsùn. Ẹnìkan a pinnu láti parí ilé rẹ̀, ẹlòmíràn láti padà sẹ́nu òwò tí ó ti pa tì. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi lọ tán, kí ni ó ń kù nínú ìpinnu náà?

Òwe 13:4 kò sọ pé ọ̀lẹ kò ní ìfẹ́ ọkàn. Ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò rí i. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ kọ ohun tí a fẹ́ kún ìwé, èyí kò fi hàn pé a ti kúrò nínú ìmẹ́lẹ́. Ẹni tí ó ti sọ ìpinnu rẹ̀ lójú ìjọ tilẹ̀ lè lọ sinmi bí ẹni pé ó ti ṣe é tán!

Ẹ wo àwọn ahunṣọ ìlú wa. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun aṣọ-òkè lórí òfì. Lẹ́yìn náà ni a ó rán an pọ̀ kí ó tó di agbádá. Ẹni tí yóò wọ agbádá lọ́dún Àjíǹde ní láti mọ ìwọ̀n tí a ó hun lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni ìpinnu wa: iṣẹ́ wo, ní ọjọ́ wo?

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Àwọn tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn, ni Pọ́ọ̀lù bá wí. Kò bá ẹni tí ó wá iṣẹ́ tì wí. Ní ẹsẹ 13 ó tún rọ àwọn ará kí wọ́n má dẹ́kun oore. Ọ̀dọ́ tí ó ń gbé ìwé ẹ̀rí kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì yẹ kí a fi ẹsẹ yìí nà án. Pọ́ọ̀lù, ọ̀mọ̀wé nínú Òfin, pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì (Ìṣe 18:3). Ǹjẹ́ àwa òbí tí a kò fẹ́ kí ọmọ wa kọ́ṣẹ́ ọwọ́, tí a sì ń pè é ní ọ̀lẹ nítorí kò rí iṣẹ́ ìjọba, kí ni a ó wí?

Fún Ìjíròrò

1. Ìpinnu wo ni ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀? Kí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀?

2. Ta ni ó ń wá iṣẹ́ nínú ìjọ wa? Kí ni kíláàsì yìí lè ṣe fún un kí Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé?