Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Iná Èédú Nígbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa ní Òjó, Ìbà àti Okokomaiko, ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe ń mú lóru jù mí lọ. Ẹ mọ aṣọ tí ẹ ń wọ̀ léra, ẹ mọ fìlà tó ń bo etí. Ọ̀rọ̀ èédú ni tiwa lónìí, nítorí òun ni kò tètè yé àwọn tó kàwé ṣáájú yín.

Ẹ kà á sókè: Èédú tí kò rú èéfín ń pa ènìyàn.

Ẹ tún un kà: Èédú tí kò rú èéfín ń pa ènìyàn.

Wọ́n á ní, "Tíṣà, a máa ń jẹ́ kí èéfín rẹ̀ tán níta ká tó gbé e wọlé." Èéfín nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Èédú tó ti ràn, tó pọ́n, ṣì ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Ojú kò rí i. Imú kò gbóòórùn rẹ̀. Ó ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gba àyè ọ́síjìn tí ara fi ń yè. Agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni. Ẹni tó bá ti sùn lọ lè má jí mọ́.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé, ṣebí àwọn ọdẹ tó gbé ọrun àti ọfà wọ igbó láyé àtijọ́ náà yáná? Wọ́n yá a. Ìta gbangba ni wọ́n ti yá a, tí atẹ́gùn ń gbé májèlé náà lọ. Yàrá ọdẹ lẹ́nu géètì kò rí bẹ́ẹ̀: ìlẹ̀kùn kan, fèrèsé kékeré kan tí a ti fi ọ̀rá dí nítorí òtútù. Nínú irú yàrá yẹn, èédú tí kò rú èéfín ń pa ènìyàn. Jẹnẹrétọ̀ náà ń tú afẹ́fẹ́ yìí kan náà jáde.

Nítorí náà, ìta ni kí ẹ ti yáná. Bí ẹ bá ń wọlé, ẹ fi iná sílẹ̀ níta. Ẹ má sì fi ògógóró rọ́pò iná: awọ ara ló ń mú gbóná, ooru inú ara ló ń lé jáde. Ọdẹ tó jẹ́ ọmọlúàbí kì í mutí lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin onílé tó wà láàárín wa, ìtìjú ni ká máa gba owó ọdẹ lóṣooṣù, kí ọdẹ fúnra rẹ̀ má ní kóòtù tó nípọn.

Bí ẹ bá bá ẹnì kan tó dákú nínú yàrá ọdẹ, ẹ ṣílẹ̀kùn gbayawu, ẹ gbé e síta kíá, kí ẹ sì pe 112 tàbí 767.