Kí Ló Pa Ohun Tí Mo Kọ Sí Fóònù Rẹ́?

Oníṣòwò kan ń polówó aṣọ lórí áàpù ọjà. Ó kọ orúkọ aṣọ, ó kọ iye rẹ̀, ó kọ àwọ̀ rẹ̀. Áàpù ní kí ó ya fọ́tò. Kámẹ́rà ṣí, ó yà á tán, ó padà, ó sì bá fọ́ọ̀mù lófìfo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Òun kọ́.

Mẹ́mórì méjì ló wà nínú fóònù. Inú èyí àkọ́kọ́ ni fọ́tò àti orin ń gbé. Bí ẹ bá pa fóònù, wọn kò lọ síbì kankan. Èkejì ni RAM. Ó dà bí àtẹ ọlọ́jà: ohun tí fóònù ń lò lọ́wọ́ ló ń kó síbẹ̀, ìyókù wà nínú sítọ́ọ̀. Fóònù Android àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, HTC Dream ọdún 2008, 192 MB péré ni RAM rẹ̀. Ti òde òní jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n àwọn áàpù náà ti sanra.

Gbogbo ojú ewé tí ẹ bá ṣí nínú áàpù ló ń gba àyè nínú RAM. Bí ẹ bá ṣí òmíràn, ti ìṣáájú kò lọ. Ó wà lábẹ́, ó ń dúró. Bí ẹ bá padà sẹ́yìn, ti òkè á kúrò, Android, ètò tó ń darí fóònù, á sì gba àyè rẹ̀ nígbà tó bá yá. Àmọ́ bí ẹni tó ṣe áàpù bá gbàgbé láti jọ̀wọ́ ohun kan nínú ojú ewé tó ti kúrò, Android kò lè fọwọ́ kàn án, áàpù náà á sì máa wúwo sí i.

Wàyí o, kámẹ́rà ń jẹ àyè púpọ̀. Bí RAM kò bá gbà á, Android á wá áàpù tí kò sí lójú yín mọ́, á pa á, kò sì ní bi yín. Áàpù ọjà ló kàn. Android ti ṣètò pé kí áàpù lè kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó ṣe é ni kò lò ó. Àìkanisí ni lójú tèmi. Ẹni tó fi àtàǹpàkò kan tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, kò yẹ kí a dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. (Ti báńkì yàtọ̀: ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ti ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí olè.)

Ẹ lè dán áàpù wò. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ yí fóònù sí ìbú. Bí ojú ewé bá yí, Android sábà máa ń pa á, tí á tún un ṣí. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ má fi iṣẹ́ gígùn lé áàpù náà lọ́wọ́; ẹ kọ ọ́ síbòmíràn ná, kí ẹ tó dà á kọ síbẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fọwọ́ ara wọn gbá gbogbo áàpù dànù kí bátìrì lè pẹ́. Lọ́dún 2016, Hiroshi Lockheimer, ọ̀gá Android ní Google nígbà náà, sọ ní gbangba pé kò ràn án lọ́wọ́. Áàpù tí ẹ gbá dànù á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo nígbà tí ẹ bá ṣí i. Èyí tó bá há, tí kò gbọ́ ìtẹ̀ mọ́, nìkan ni kí ẹ gbá dànù.