ÀRÒKỌ ALÁRÌÍYÀNJIYÀN: TA NI Ó YẸ KÍ Ó BẸ̀RẸ̀ ERÉ?

Bí o bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń jiyàn láìní ẹ̀rí lọ́wọ́, lọ dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ eléré tí ó ń pàdánù. Ọ̀kan á ní kóòṣì kò mọ nǹkan kan. Èkejì á ní àwọn eléré ni ó ya ọ̀lẹ. Ẹ̀kẹta á bú baba ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ariwo á gba ìgboro kan, ṣùgbọ́n o kò ní rí ẹni tí yóò tọ́ka sí ohun kan pàtó tí ó ṣẹlẹ̀ lórí pápá. Irú àròkọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùdánniwò ń rí gbà lọ́dọọdún nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Irú iyàn yìí kan náà ni a ó lò nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí o lè rí bí a ṣe ń jà á pẹ̀lú ẹ̀rí.

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ni a mú. Kò pọn dandan kí o ti gbá a rí. Ènìyàn márùn-ún ni ó ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù á jókòó síta, kóòṣì sì lè máa pààrọ̀ wọn léraléra. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ àwọn márùn-ún tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré kì í fi í tán lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́.

ORÍ-Ọ̀RỌ̀: "Bí Whittenburg bá ti lè sáré, òun ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ eré, kì í ṣe Myers." Ǹjẹ́ o fara mọ́ èyí?

OHUN TÍ O NÍ LÁTI MỌ̀. Yunifásítì North Carolina State wà ní ìlú Raleigh, ní Amẹ́ríkà. Jim Valvano ni kóòṣì ẹgbẹ́ wọn ní sáà 1982 sí 1983. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí wọ́n ń bá Virginia ṣeré, egungun ẹsẹ̀ Dereck Whittenburg ṣẹ́. Whittenburg yìí wà ní ọdún àṣekẹ́yìn rẹ̀. Ernie Myers, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lọ́dún náà, ni ó bọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò dúró ṣinṣin mọ́. Rántí pẹ̀lú pé ìdíje Atlantic Coast Conference, tí State wà nínú rẹ̀, ń dán òfin tuntun méjì wò ní sáà náà: bọ́ọ̀lù tí a bá jù wọlé láti ọ̀nà jíjìn di àmì 3 dípò 2, ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30. Òfin méjèèjì kò sí nínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà.

Gbà pé ọ̀sẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn oṣù kejì ọdún 1983 ni o ń kọ àròkọ yìí, o kò sì tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Whittenburg ti ṣẹ́ ni oorun kò ti kun àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yìí mọ́. Bí a bá borí lónìí, a ó pàdánù lọ́la. Ní báyìí tí ẹsẹ̀ náà ti ń san, ohun tí gbogbo wa ń bi ara wa ni pé, ta ni yóò lọ jókòó síta? Lójú tèmi, kí Whittenburg bẹ̀rẹ̀ eré, kí Myers sì máa wọlé bí eré bá ti wọra.

Kì í ṣe pé Myers kò mọ eré í ṣe. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọmọdé ni láàárín wọn, síbẹ̀ nígbà tí àgbà ṣubú, òun ni ó gbé ẹrù náà rù. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì yìí, a na North Carolina ní àmì 70 sí 63 láìsí Whittenburg. North Carolina yìí ni ó gba ife gbogbo Amẹ́ríkà ní 1982, Michael Jordan sì ń bẹ láàárín wọn. Ẹni tí ó bá ní kí a má ṣe fọwọ́ kan ètò tí ó mú irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù wa ń gbà dé inú apẹ̀rẹ̀. Thurl Bailey tí ó ga bí ọ̀pẹ, àti Lorenzo Charles tí ó lágbára, ni a gbẹ́kẹ̀ lé nítòsí apẹ̀rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti tẹ Bailey lọ́wọ́, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta á ṣù bò ó, nítorí wọn kò bẹ̀rù àwọn tí ó wà lókèèrè. Àtòkèèrè jù sì ni iṣẹ́ Whittenburg. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ kò jẹ́ fi í sílẹ̀ lọ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, nítorí bí ó bá fi í sílẹ̀, àmì 3 ni yóò fi jẹ. Nípa bẹ́ẹ̀ àyè á ṣí sílẹ̀ fún Bailey. Àǹfààní Whittenburg kò mọ sí àmì tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Bailey náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ní ti Myers, kí ó gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín ni agbára rẹ̀ wà, àárín náà gan-an sì ni a fẹ́ kí ó ṣófo.

Àwọn kan á ní Terry Gannon náà mọ ọ̀nà jíjìn í jù. Òótọ́ ni. Bí Whittenburg bá bẹ̀rẹ̀ eré, Gannon ṣì ń bẹ níta tí yóò wọlé. Ajùtòkèèrè méjì á sì sàn ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn mìíràn á ní bí a bá dé ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà, àmì 2 péré ni ìjù náà yóò jẹ́, kí ni àǹfààní rẹ̀ nígbà náà? Mo ní kò sí ẹni tí yóò fi ẹni tí kì í tàsé sílẹ̀ nítorí pé àmì 2 ni. Bí aago kò bá sì lé ẹnikẹ́ni mọ́, eré á falẹ̀, ìjù á ṣọ̀wọ́n, ọwọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni a ó máa wá.

Sidney Lowe ni ó ń pín bọ́ọ̀lù fún wa. Òun àti Whittenburg ti jọ ṣeré láti ilé ẹ̀kọ́ DeMatha ní Maryland kí wọ́n tó wá síbí. Ó mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò wà kí ó tó wo ibẹ̀.

Ti ẹsẹ̀ ńkọ́? N kò ní fi pamọ́ pé ó ń bà mí lẹ́rù. Bí Whittenburg kò bá lè sáré padà wá ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ tiwa, kí kóòṣì pè é jáde láìjáfara, kí Myers wọlé sáàárín àwọn tí ó ti rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

ÀKÍYÈSÍ

Wo ìpínrọ̀ kejì dáadáa. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ lọ́wọ́ alátakò ni òǹkọ̀wé kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ó sì gbà pé òtítọ́ ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣa èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láti dá lóhùn, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ jìjàkadì. Wò ó pẹ̀lú pé kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ. Kò sì fi "Alága, ẹ̀yin adájọ́" bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn wà fún ìgbà tí ìbéèrè bá ní kí o kọ ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ níwájú àwùjọ.

Àbùkù ń bẹ nínú rẹ̀. Ìpínrọ̀ ti Lowe kò lẹ́rìí. Pé ènìyàn méjì jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ kan kò ní kí wọ́n mọwọ́ ara wọn. Eré kan pàtó ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé mẹ́nu bà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣe àtúnṣe, n óò gé máàkì níbẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an? Whittenburg padà sáàárín àwọn márùn-ún, Myers sì jókòó síta. Ẹgbẹ́ náà ti pàdánù nígbà 10 kí ìdíje ti agbègbè wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Atlanta. Wọ́n na Wake Forest níbẹ̀ ní 71 sí 70, North Carolina ní 91 sí 84, àti Virginia ní 81 sí 78. Lẹ́yìn náà wọ́n borí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba ife ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 1983.

Má tìtorí èyí sọ pé àròkọ náà gbà. Ìfikún àkókò méjì ni wọ́n tó fi borí Pepperdine ní 69 sí 67. Bí bọ́ọ̀lù kan bá ti yí síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn á ní irọ́ ni àròkọ náà pa, láìsí pé lẹ́tà kan nínú rẹ̀ yí padà.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Houston ni State nà ní àṣekágbá, ní ìlú Albuquerque, 54 sí 52. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tí wọ́n ń pè ní Akeem nígbà náà, wà nínú ẹgbẹ́ Houston. Ó gba àmì 20 wọlé, ó gba bọ́ọ̀lù 18 tí ó ta padà lára apẹ̀rẹ̀; òun ni wọ́n sì yàn ní eléré tí ó ta yọ jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. State ni ó ń léwájú ní ìsinmi ìdajì eré, 33 sí 25, ṣùgbọ́n Houston lé wọn bá, ó sì kọjá wọn, 42 sí 35. Ìgbà náà ni kóòṣì Guy Lewis ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ dẹ eré sílẹ̀, kí wọ́n máa di bọ́ọ̀lù mú. State bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè máa ju bọ́ọ̀lù ìtanràn, Houston sì ń tàsé. Nígbà tí ìṣẹ́jú-àáyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Whittenburg jù láti òkèèrè, bọ́ọ̀lù kò dé apẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles gbà á lófuurufú, ó kì í wọlé.

Kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: "Guy Lewis ni ó fa ìpàdánù Houston." Bí o bá fẹ́ gbè é lẹ́yìn, rántí pé orí òkè gíga ni Albuquerque wà, tí mímí ti máa ń nira fún ẹni tí ń sáré, àti pé Clyde Drexler ti ní fáọ̀lù 4 kí ìdajì eré tó parí, ìkarùn-ún ni í lé ènìyàn jáde. Kí àròkọ rẹ má dín ní 400 ọ̀rọ̀.