Irin Tó Yẹ Kó Bá Yín Wọ Igbó: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìkọ̀yà

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìlú máa ń kún lásìkò ọlidé. Àwọn tó wà ní Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgàgú ní Òkìtìpupa á yà wálé, àwọn ará Èkó á dé, ti òkè òkun náà á yọjú. Ẹ ó ní ẹ fẹ́ mọ ààlà oko bàbá yín, ẹ fẹ́ ṣa ìgbín, ẹ fẹ́ sun ẹja jẹ létí odò. Ó dùn mọ́ wa nínú, nítorí ọmọ tí kò mọ ààlà oko bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò fi hàn án lọ́jọ́ ìjà. Irin tí mo ń rí lọ́wọ́ yín ló ń kọ mí lóminú: ọ̀bẹ dúdú ńlá tó ní eyín lẹ́yìn, irú èyí tí ẹ rí nínú fíìmù, tí kò lè gé ìtàkùn kan já. Iṣẹ́ ni kí ẹ jẹ́ kó yan irin fún yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán rẹ̀ yàn án.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Igbó ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa kún fún ìtàkùn àti igbó ṣúúrú, àbàtà rẹ̀ kún fún ògùrọ̀. Ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà nínú rẹ̀, àdá ló nílò. Ẹni tó fẹ́ bó ọsàn, tó fẹ́ gé okùn, tó fẹ́ pa ẹja, ọ̀bẹ kékeré tó o. Fún ìrìn àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, àdá kan, ọ̀bẹ kan àti fáìlì kékeré kan ti pé. Àáké di ti ẹni tó fẹ́ sun oko fún ọjọ́ mélòó kan tó sì máa la igi ìdáná.

2. Àdá ni olórí gbogbo wọn, òun ni kí ẹ fara balẹ̀ rà jù. Àwọn bàbá wa mọ àdá tó ní àwòrán ọ̀nì lára dáadáa. Ilé-iṣẹ́ Ralph Martindale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1874, ló ni àmì Crocodile yẹn. Ti Tramontina láti ilẹ̀ Brazil náà dára, àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1911. Ṣùgbọ́n ayédèrú wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni sì lè tẹ àwòrán ọ̀nì sára irin tí kò ní láárí. Nítorí náà, ẹ má ra àwòrán, irin ni kí ẹ rà.

Báyìí ni kí ẹ ṣe dán an wò níwájú ọlọ́jà. Ẹ di èèkù rẹ̀ mú, ẹ na àdá náà síwájú, kí ẹ di ojú kan, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìdí títí dé orí. Bó bá wọ́, ẹ ó rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì gbé e dání ní ìdí èèkù, kí ẹ fi èékánná ta ara irin náà. Àdá tó dára á dún, ohùn rẹ̀ á sì fà. Èyí tó bá dáhùn pẹ̀lú ohùn tó kú, tàbí tó ń gbọ̀n jìgìjìgì nídìí, ó ti là níbì kan tàbí kí èèkù rẹ̀ má dúró dáadáa. Bí ọlọ́jà bá gbà, ẹ fi fáìlì fa ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí fáìlì bá kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀, irin náà ti le jù, ẹnu rẹ̀ á máa rún. Bí fáìlì bá ń gé wọnú rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ó ti rọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ á máa ká. Èyí tí fáìlì bá ń mú díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sanwó rẹ̀.

Ní ti gígùn, ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ jẹ́ kí apá yín rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àdá náà lọ́wọ́. Orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá agbede-méjì ojúgun yín. Àdá tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e ló kọ́kọ́ ń ṣá.

3. Àgbà ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Èèkù ni agbára wà. Ẹ wò ó bóyá irin náà gba inú èèkù já títí dé ìdí, tí wọ́n sì fi ìṣó kàn án ní ojú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí irin rẹ̀ kúrú nínú èèkù máa ń fò yọ lọ́jọ́ tí òógùn bá ti mú igi rẹ̀ tú, ẹni tó wà lẹ́yìn yín ló sì máa bá. Èèkù oníke tó ń dán máa ń yọ̀ nínú òjò. Ẹ gé rọ́bà inú táyà àtijọ́, kí ẹ fi wé e le dáadáa, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ṣe.

4. Ẹ má fojú di àdá tí alágbẹ̀dẹ rọ. Irin sípíríìn abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, irin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ̀ tó sì ń padà sípò, ó dájú pé ojúlówó ni. Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ iná. Bí irin bá gbóná dé nǹkan bí 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà á mọ́. Bó bá gbóná kọjá ibẹ̀ díẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ máa tẹ̀ ẹ́ bọ omi tàbí òróró. Kò nílò òṣùwọ̀n kankan, àwọ̀ irin nínú iná ló ń wò, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí inú ilé àgbẹ̀dẹ fi máa ń ṣókùnkùn. Ẹ bi í léèrè bóyá ó tún yá a níná díẹ̀ lẹ́yìn omi. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àdá náà á mú gan-an, ṣùgbọ́n á kán lórí gbòǹgbò àkọ́kọ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá ní alágbẹ̀dẹ gidi nítòsí kò ní ìdí láti náwó sórí ti òyìnbó. Bí ẹnu rẹ̀ bá sì bàjẹ́, ẹni tó rọ ọ́ wà ládùúgbò, ẹ ó gbé e padà fún un.

5. Ọ̀bẹ kékeré: kí ẹnu rẹ̀ má ju íńṣì 4 lọ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn díẹ̀. Oríṣi irin méjì ló wà. Irin lásán máa ń tètè gba pípọ́n, ẹnu rẹ̀ sì máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dógùn-ún. Èyí tí kì í tètè dógùn-ún ni wọ́n fi èròjà kúrómíọ̀mù sí, ó kéré tán ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún oko, irin lásán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá àti etí òkun àwọn Ìlàjẹ, ẹ mú èyí tí kì í dógùn-ún, nítorí omi iyọ̀ kì í gba irin lásán láyè di ọjọ́ kejì. Ọ̀bẹ tó ṣeé pa dé dára nínú àpò, àmọ́ ẹ má fi gún ohun tó le. Ó lè pa dé mọ́ ìka yín. Ọ̀bẹ tí àwọn ìyá wa fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ púpurú, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn nílé.

6. Ọ̀bẹ tí kò mú ló ń ṣe èèyàn léṣe jù, torí agbára la fi ń tì í, ibi tó bá sì yọ̀ sí, a kì í mọ̀. Nítorí náà, ẹ máa pọ́n irin yín: ẹ jókòó, ẹ fi ẹ̀yìn àdá ti igi, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síta. Ẹ ti fáìlì síwájú, ẹ má fà á padà lórí irin, eyín rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Bí ẹ bá ti ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ rọra fi ìka gba ẹ̀gbẹ́ kejì láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu. Ẹ ó fọwọ́ mọ ibi tí irin ti yí díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ wá fi òkúta àti omi parí rẹ̀. Bí ẹ bá dé láti oko, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi epo pupa díẹ̀ pa á lára. A kì í ṣaláìní epo nílùú wa.

7. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Irin tí kò ní àkọ̀ kò yẹ ní ìrìn. Bí ẹ kò bá rí awọ, ẹ fi táyà àtijọ́ rán an. Ẹ dákun, ẹ má jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà pẹ̀lú àdá ìhòòhò lórí itan. Kòtò kan péré ti tó. Nínú igbó, kí ẹni tó ń la ọ̀nà wà níwájú, kí ẹni tó tẹ̀ lé e jìnnà ju ibi tí apá àti àdá lè dé lọ.

8. Dòjé olópòó gígùn tí wọ́n fi ń kọ ọ̀pẹ ní àwọn oko ọ̀pẹ Òkìtìpupa kì í ṣe ohun ìṣeré. Akọpẹ mọ ibi tí ìdì ẹyìn máa já sí. Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá irin rẹ̀ ń gbé iná, bó bá sì kan wáyà iná tó kọjá lórí oko, ó parí nìyẹn.

9. Ẹ mọ òfin. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá gbé ohun ìjà kiri ní gbangba láìní ìdí tó tọ́, lọ́nà tó ń dẹ́rù ba èèyàn, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Ẹ di àdá sínú àpò, pẹ̀lú ọkọ́ àti aṣọ oko. Bí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn bá dá yín dúró, ẹ tètè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ti ìlú London, òfin tiyín le ju tiwa lọ. Láti ọdún 1988, ọ̀bẹ tó ń pa dé, tí ẹnu rẹ̀ kò ju íńṣì 3 lọ, nìkan ni wọ́n gbà kí èèyàn mú káàkiri láìní ìdí pàtàkì. Èyí tó ń há mọ́lẹ̀ bí a bá ti ṣí i kò sí lára rẹ̀. Bí ẹ bá ra ọ̀bẹ níbí, inú ẹrù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ fi sí. Irin tí a ń wí yìí kan náà ni àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní kóòtù. Nítorí náà, ẹ má yọ ọ́ sí ọmọnìkejì yín, ìbáà jẹ́ eré.

10. Bí irin bá gé yín, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ẹ gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ má máa ṣí i wò. Bí ejò bá ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ pa ọ̀bẹ mọ́ sínú àkọ̀. Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ wá ọkọ̀ tó máa gbé e dé ọsibítù kíákíá. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, ojú ọgbẹ́ tó jìn ló sì ń gbà wọlé, ì báà jẹ́ pé irin náà ń dán. Bí ẹ kò bá rántí ìgbà tí ẹ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn, tàbí tó ti ju ọdún 10 lọ, ẹ yà ní ilé ìwòsàn ìjọba kí ẹ gbà á kí ẹ tó wọ igbó.