Ẹ̀kọ́ 12: Ojú tó ń wo títì láti òkè

Ìlú Ṣábẹ̀ wà ní ẹ̀bá títì ńlá kan. Títì yìí ti Kútọnu wá. Ó gba Ṣábẹ̀ kọjá, ó lọ sí Parakú, ó sì dé ilẹ̀ Niger. Ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ọ̀sì àti alùpùpù ń gba ibẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ní Ṣábẹ̀, a ní òkè olókùúta gíga. Nígbà ogun àtijọ́, àwọn baba ńlá wa máa ń sá sí orí òkè. Ẹni tó wà lórí òkè ń rí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè má rí ju ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lọ.

Lónìí, ẹ̀rọ kan wà tó ń ríran bí ẹni tó wà lórí òkè. Dírónù ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ni. Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dírónù ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó ń yí bíríbírí. Bátìrì ló ń fún un lágbára. Kámẹ́rà ni ojú rẹ̀. Ẹnì kan dúró nílẹ̀, ó ń darí rẹ̀, ó sì ń wo àwòrán tí kámẹ́rà ń fi ránṣẹ́.

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dojú dé, títì á dí. Dírónù lè tètè rí ibẹ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ á sọ fún ọlọ́pàá pé: «Ẹ gba ọ̀nà kejì, kí ẹ lè tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó farapa.»

Dírónù ń ṣe iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú. Ní Gánà, láti ọdún 2019, ó ń gbé oògùn àti ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn tó jìnnà.

Ṣùgbọ́n agbára dírónù níwọ̀n. Bátìrì rẹ̀ ń tètè tán. Òjò àti atẹ́gùn líle ń dà á láàmú. Ó lè rí ọmọ tó ń sáré kọjá títì, ṣùgbọ́n kò lè di ọmọ náà lọ́wọ́ mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó kọjá títì, ẹ dúró. Ẹ wo òsì, ẹ wo ọ̀tún, ẹ tún wo òsì. Bí ọkọ̀ kò bá bọ̀, ẹ rìn kọjá. Ẹ má sáré.

Ìbéèrè
1. Ibo ni títì ńlá Ṣábẹ̀ ti wá? Ibo ló dé?
2. Kí ni ojú dírónù?
3. Kí ni dírónù kò lè ṣe fún ọmọ tó ń kọjá títì?
4. Kí ni ìwọ máa ń ṣe kí o tó kọjá títì?