Ìpín Ẹni Tí A Kò Pèsè Fún

Ẹ̀kọ́ fún Àjọ̀dún Òmìnira Nàìjíríà, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá

Bíbélì kíkà: Nehemiah 8:1-12, Ẹsteri 9:20-32, Deuteronomi 24:14-22.
Ẹsẹ àkọ́sórí: Nehemiah 8:10.
Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí a ti ń pa ọjọ́ ìsinmi orílẹ̀-èdè mọ́ lọ́nà tí ó wu Ọlọ́run, kí a sì mọ àwọn tí ó yẹ kí a rántí ní ọjọ́ náà.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn wa, àkókò tí òjò ń palẹ̀mọ́ láti lọ ni ọjọ́ yìí máa ń bọ́ sí. Iṣu tuntun ti dé ọjà, ọkà bàbà ṣì wà ní ìdúró nínú oko, àwọn ọmọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí sáà tuntun ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: owó ìwé, owó aṣọ ilé-ìwé àti owó bàtà ti gbọ́n àpò ìyá gbẹ kí oṣù kẹwàá tó wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń béèrè pé, "Kí ni a tilẹ̀ ń yọ̀ fún?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmoore. Ó yẹ kí a dá a lóhùn láti inú Ìwé Mímọ́, òun gan-an sì ni ẹ̀kọ́ wa.

ÌTÀN ỌJỌ́ NÁÀ

Ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ní pápá eré ẹṣin ní Èkó, ibi tí a wá mọ̀ sí Tafawa Balewa Square, ni a sọ àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí a sì fa ti Nàìjíríà sókè. Ọmọbabìnrin Alexandra ni ó ṣojú fún Ọbabìnrin Elizabeth. Alhaji Abubakar Tafawa Balewa ni olórí ìjọba tí ó gba ìwé òmìnira. Ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 1963, ilẹ̀ wa kúrò lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 1962, Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà pẹ̀lú gba ìṣàkóso ara rẹ̀.

Ìtàn òmìnira kò jìnnà sí ilé wa níhìn-ín. Ní ọdún 1916 àwọn ará Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ètò ìjọba àti ilé ẹjọ́ tí òyìnbó gbé ka orí wọn. Ìjọba fi ọmọ ogun tẹ̀ wọ́n lórí ba, ẹ̀mí sì ṣòfò. Lẹ́yìn rògbòdìyàn náà ni ìlú Òkèhò ṣí kúrò ní ibùdó rẹ̀ àtijọ́ wá sí ibi tí ó wà lónìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò mọ̀ pé òmìnira kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a tún kíyè sí àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú ohun tí a fi ń ṣe àjọ̀dún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Taiwo Akinkunmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé a ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún Nàìjíríà. Ó yà á, tirẹ̀ ni a sì mú. Nígbà tí ó padà wálé, iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ṣe ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi gbé láàárín ìlú tí àwọn tí ń kọrin lábẹ́ àsíá rẹ̀ kò mọ ọ́n. Ọdún 2014 ni ìjọba àpapọ̀ tó fi oyè dá a lọ́lá. Ó sì kú ní Ìbàdàn ní ọdún 2023. Ẹni tí gbogbo ayé ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa kí a má mọ̀.

Obìnrin ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè tí a fi gba òmìnira, Lillian Jean Williams ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin ni ó sì fi ohùn sí i, Frances Benda. Ní ọdún 1978 a fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ìjọba dá ti àkọ́kọ́ padà. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n lọ ilé-ìwé ṣáájú ọdún 1978 ni ó wá mọ̀ ọ́n ju àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ lọ. Ẹ̀yin ìyá àgbà, oore kékeré kan nìyẹn tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ pe àwọn ọmọ-ọmọ yín, kí ẹ kọ́ wọn.

OHUN TÍ BÍBÉLÌ KỌ́ WA

1. Nehemiah. Wọ́n ti parí odi Jerusalẹmu ní ọjọ́ méjìléláàádọ́ta. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, gbogbo ènìyàn péjọ, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ ṣàkíyèsí pé Bíbélì kò fi obìnrin sílẹ̀ nínú àpéjọ náà. Nígbà tí Ẹsra ka ìwé òfin, ẹkún ni wọ́n ń sun. Àwọn aṣáájú wọn kò sọ fún wọn pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n sì fi ìpín ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní nǹkan kan ní ìkáwọ́. Ìpín yìí wà nínú àṣẹ àjọ̀dún fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ, tí kò fi ránṣẹ́, ìdajì àṣẹ náà ni ó pa mọ́.

2. Ẹsteri. Nígbà tí Ọlọ́run gba àwọn Júù lọ́wọ́ Hamani, wọ́n ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Mordekai kọ̀wé pé kí wọ́n máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ara wọn, kí wọ́n sì máa ta tálákà lọ́rẹ. Ẹsteri pẹ̀lú kọ̀wé láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìyàwó ọba kan, obìnrin bíi tiwa, ni ó fi àṣẹ ti ọjọ́ ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́yìn.

3. Deuteronomi. Ọlọ́run ní kí àgbẹ̀ má padà lọ mú ìtí ọkà tí ó gbàgbé sínú oko. Ti àlejò ni, ti aláìníbaba ni, ti opó sì ni. Ṣáájú ìyẹn, ó ní kí a san owó alágbàṣe kí oòrùn tó wọ̀. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni pé àwọn ọmọ Ísráẹ́lì ti ṣe ẹrú rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yọ ayọ̀ òmìnira, ọwọ́ tí ó fi mú àwọn tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ ni a ó fi mọ̀ bóyá òmìnira náà yé e.

Ìdáhùn ìbéèrè wa nìyí. A kì í yọ̀ nítorí pé gbogbo nǹkan ti dára. A ń yọ̀ nítorí pé Ọlọ́run mú wa dé ibi tí a dé. Ayọ̀ náà kò sì pé níwọ̀n ìgbà tí àwo ẹnìkan láàárín wa bá ṣófo. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

TA NI A KÒ PÈSÈ FÚN?

Oníṣẹ́ òòjọ́. Nígbà tí ìjọba bá kéde ìsinmi, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń sinmi, owó oṣù wọn kò sì dín. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta ẹ̀wà àti ìrẹsì ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kò rí oníbàárà. Alábàárù àti ẹni tí ń po sìmẹ́ńtì fún bíríkìlà kò rí iṣẹ́. Ọjọ́ ìsinmi tiwa ni ọjọ́ àìjẹun tiwọn.

Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó gba iṣẹ́ alẹ́, ọ̀dẹ́ tí ń ṣọ́ ọjà, àwọn agùnbánirọ̀ tí ilé wọn jìnnà. Ìsẹ́yìn ni àgọ́ tí a ti ń gba àwọn agùnbánirọ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Nítorí náà kò yẹ kí ojú wọn ṣàjèjì sí wa. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n, bí ọmọ tiwa náà ti wà ní ìlú onílùú.

Àlejò. Àwọn kan ti Ìpínlẹ̀ Benue wá, àwọn mìíràn ti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò wá ṣe àgbàṣe nínú oko wa. Obìnrin Fúlàní sì wà tí ń gbé igbá wàrà kiri. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ darandaran ti dá ìbànújẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Màlúù ti jẹ oko, ẹ̀mí sì ti sọnù. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé kí a gbé ẹ̀sùn lọ sí iwájú àwọn àgbà ìlú àti òfin. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó gbé igbá wàrà dé ẹnu ọ̀nà wa kọ́ ni ó da màlúù. Bí a bá kí i dáadáa, tí a ra ọjà rẹ̀, tí a sì bu omi fún un, a kò ta ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ kankan.

Opó àti arúgbó. Owó ọkọ̀ láti Èkó sí Ṣakí kì í ṣe owó kékeré mọ́ láti ìgbà tí epo ti gbówó lórí ní ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n máa ń wá kí ìyá wọn ní ọjọ́ ìsinmi kò lè wá mọ́. Ìyá náà kò ní sọ pé òun dá wà. Yóò jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, yóò sì máa dáhùn pé, "Adúpẹ́ o."

BÍ ÀWỌN BABA WA NÍNÚ ÌJỌ TI ṢE É

Ní Bristol ní ọdún 1742, gbèsè wà lórí ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan dábàá pé kí olúkúlùkù máa san kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀. Ẹnìkan ní ọ̀pọ̀ kò ní kọ́bọ̀ náà. Baba yìí dáhùn pé kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tálákà jù lọ fún òun. Ohun tí wọn kò bá lè san, òun yóò san án. Bí àwọn olórí ti ń lọ láti ilé dé ilé gba kọ́bọ̀ ni wọ́n ń rí ẹni tí ń ṣàìsàn, ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. John Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyí. Ibẹ̀ ni kíláàsì wa ti bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ni wọ́n ń wá owó fún, ènìyàn ni wọ́n rí. Nítorí náà, bí olórí kíláàsì bá kan ilẹ̀kùn ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún, iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti ọdún 1742 ni ó ń ṣe.

BÍ A Ó TI FÚN NI LÁÌDÓJÚTINI

Kí ìpín náà má jẹ́ àjẹṣẹ́kù. Ìpín ẹni tí ó jìnnà ni kí a kọ́ bù, kí tiwa tó kàn. Kí a dé e mọ́lẹ̀ dáadáa, kí a fi rán ọmọ ní ìdákẹ́jẹ́, kí ọmọ náà kúnlẹ̀ kí ó ní, "Ìyá mi ní kí n kí yín kú ọdún." Kí a má sọ ọ́ ní ìpàdé lẹ́yìn náà. Ẹni tí ń ta oúnjẹ ní ilé-ìwé, kí a ra ọjà rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìsinmi, kí a má sì ná an kọjá bí ó ti yẹ. Alágbàṣe tí a jẹ lówó, kí a san án ṣáájú ọjọ́ náà. Gbèsè ni a ń san níbẹ̀, kì í ṣe oore. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe é: kí ó lọ jókòó ti ìyá arúgbó fún wákàtí kan, kí ó sì bá a pọn omi.

Bí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti ń ṣe aṣọ òfì ni ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ tínínrín tínínrín ni ó ń ti orí òfì jáde. Kò sí èyí tí ó lè dá bo ènìyàn. Nígbà tí a bá rán wọn pọ̀ ni wọ́n di agbádá.

OORE KÒ DÍPÒ Ẹ̀TỌ́

Ẹ ka Nehemiah orí 5 nílé. Kí odi tó parí ni àwọn ènìyàn àti àwọn aya wọn ti ké pé àwọn fi oko dúró láti rí ọkà jẹ. Nehemiah kò bu oúnjẹ fún wọn kí ó sì dákẹ́. Ó pe àwọn ọlọ́lá, ó bá wọn wí ní gbangba, ó sì mú kí wọ́n dá oko padà. Àwa náà, bí a bá ti gbé abọ́ oúnjẹ fún aláboyún, kí a tún béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ wa ìdí tí kò fi sí oògùn ní ilé ìtọ́jú. Kí a gba káàdì ìdìbò, kí a sì lò ó. Kí a sì máa gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ, gẹ́gẹ́ bí 1 Timoteu 2:1-2 ti kọ́ wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí a fi ní kí àwọn ènìyàn má sunkún ní Nehemiah orí 8, nígbà tí wọ́n ní ìdí láti sunkún?
2. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ta ni a kò tíì rí láti oṣù kan sẹ́yìn? Ta ni yóò lọ wò ó?
3. Ǹjẹ́ a lè ṣe oore fún àlejò kí a sì tún máa bèèrè ẹ̀tọ́ wa? Ọ̀nà wo?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún tó dé, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹnìkan nínú àdúrà rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, tí kò sì lè san án padà. Ẹni náà ni kí ó fi ìpín ránṣẹ́ sí.

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí o mú orílẹ̀-èdè wa dé òní, a dúpẹ́. Ṣí ojú wa láti rí ẹni tí a kò pèsè fún. Fún àwọn aláṣẹ wa ní ìbẹ̀rù rẹ, fún Òkè-Ògùn ní àlàáfíà, kí àgbẹ̀ lọ sóko kí ó sì padà bọ̀ wálé. Nípa Jesu Kristi Olúwa wa. Àmín.